Ọmọ mi ní kí n wá bá òun mójú tó ọmọ ní Leeds: ta ló máa mójú tó ìsọ̀ aró mi l'Óṣogbo?

Aláró Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ bá mi dá sí i, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ̀ ń tọ́mọ lókè òkun.

Aláró ni mí ní Òṣogbo, lápá Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Àdìrẹ àti kàm̀pálà ni iṣẹ́ mi, ọwọ́ ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ. Ìyá mi ń gún èlú, ó ń sẹ́ omi eérú, ó sì ń dúró de aró títí yóò fi ṣe tán. Èmi ti ń lo kẹ́míkà, kọ́sítíìkì àti háídírọ́ọ̀sì, nítorí oníbàárà ayé ìsinsìnyí kò ní sùúrù. Mo ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta. Bàbá àwọn ọmọ mi ti sùn. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí, àbíkẹ́yìn wọn tó jẹ́ obìnrin ló wà ní Leeds nílùú Ọba pẹ̀lú ọkọ rẹ̀.

Ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìkẹ́rùsí kan. Ọmọ wọn obìnrin yóò pé ọdún kan nínú oṣù kẹsàn-án, ìgbà yẹn náà ni ìsinmi ìbímọ ọmọ mi máa tán. Ó pè mí lórí WhatsApp, ó ní, "Ìyá mi, aago méje òwúrọ̀ ni mo gbọ́dọ̀ wọlé síbi iṣẹ́. Aago méje yẹn náà ni Dádì rẹ̀ ń jáde níbi iṣẹ́ tirẹ̀, bọ́ọ̀sì méjì ló sì máa wọ̀ kó tó délé. Ta ló máa gbé ọmọ dání?" Mo ní nọ́sìrì ńkọ́? Ó ní èyí tó sún mọ́ wọn ń gbà ju £1,000 lọ lóṣù, wọn kì í sì í ṣílẹ̀kùn kó tó di aago méje ààbọ̀. Ó tún ní wọ́n ti kọ ọ́ sára físà àwọn méjèèjì pé wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó ìrànwọ́ ìjọba.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbé wá. Èkíní ni pé kí n wá lo oṣù mẹ́fà, kí n padà sílé, kí n tún wá. Èkejì ni pé kí wọ́n gbé ọmọ náà wá bá mi l'Óṣogbo nígbà Kérésìmesì, kó wà lọ́dọ̀ mi títí á fi tó iléèwé lọ.

Ohun tó ká mi lára nìyí. Gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé èmi ò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó wà n'Íbàdàn ní, "Ṣebí aṣọ lásán lẹ̀ ń rẹ, Ìyá. Ẹ lọ sinmi." Aṣọ lásán! Aṣọ lásán yẹn ló san owó UNIOSUN fún un.

Ẹni tó bá ń gbé Òṣogbo mọ ohun tí oṣù kẹjọ jẹ́ fún aláró. Ọdún Ọ̀ṣun ń bọ̀, àlejò ń ti Bràsíìlì àti Amẹ́ríkà wá, kò sì sí èyí tí kò fẹ́ mú aṣọ Òṣogbo lọ sílé nínú wọn. Láti oṣù kẹfà la ti ń rẹ aṣọ pamọ́ fún wọn. Tí ìyẹn bá parí, kò ní pẹ́ tí àwọn onígbèéyàwó á fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá àńkóò fún oṣù kejìlá. Nígbà tí mo lọ bá ọmọ mi wẹ ọmọ yìí, àwọn ọmọ iṣẹ́ gba iṣẹ́ àńkóò kan, wọ́n da kọ́sítíìkì pọ̀ jù, aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í fàya lọ́wọ́ oníṣẹ́. Mo dá owó olówó padà. Oníbàárà yẹn ti dé Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta báyìí, ta ló sì dé Ìtòkú tó tún rántí ọ̀nà Òṣogbo?

Tí mo bá wá gba ọmọ sọ́dọ̀ ńkọ́? Inú àgbàlá ni ìkòkò aró wà, ibẹ̀ náà ni kọ́sítíìkì wà. Ọmọ ọdún kan tó ń rá kiri, tó sì ń ki gbogbo nǹkan bọ ẹnu, ibo ni mo fẹ́ fi í sí?

Mo fẹ́ràn ọmọ mi. Mi ò fẹ́ kó máa sunkún sí mi létí láàárọ̀ kùtù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọjá níbẹ̀, báwo lẹ ṣe ṣe é?

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Ìkìrun

Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ sì kú iṣẹ́ aró. Manchester ni mò ń gbé, ọmọ méjì ni èmi àti ọkọ mi ń tọ́ níbí láìsí ìyá, láìsí ẹ̀gbọ́n nítòsí, torí náà mo mọ ohun tójú ọmọ yín ń rí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí físà. Físà àbẹ̀wò tí ẹ máa gbà, oṣù mẹ́fà ló pọ̀ jù tí ẹ lè lò lẹ́ẹ̀kan. Òfin gbà kí ìyá àgbà bá ọmọ rẹ̀ mójú tó ọmọ-ọmọ fún ìgbà díẹ̀. Ohun tí kò gbà ni kó di iṣẹ́ olówó oṣù. Kò sì gbà kí ẹ máa lọ kí ẹ máa bọ̀ títí Leeds á fi di ilé yín. Bí wọ́n bá bi yín ní pápákọ̀ òfuurufú pé kí lẹ wá ṣe, òótọ́ ni kí ẹ sọ: ẹ wá wo ọmọ àti ọmọ-ọmọ yín, ẹ sì ní ìsọ̀ tí ẹ máa padà sí. Ẹ rí i pé ìsọ̀ tí wọ́n ń pè ní aṣọ lásán yẹn náà ló máa jẹ́ ẹ̀rí yín níwájú àwọn tó ń fúnni ní físà.

Àmọ́ ẹ wò ó, oṣù mẹ́fà ò lè gbé ẹrù ọ̀pọ̀ ọdún. Ní England, inú oṣù kẹsàn-án tó bá tẹ̀ lé ọjọ́ tọ́mọ pé mẹ́rin ni wọ́n ń gbà á síléèwé. Ọmọ-ọmọ yín tí wọ́n bí nínú oṣù kẹsàn-án, ó ṣeé ṣe kó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé márùn-ún kó tó wọlé. Ẹ ò lè máa fò bí ẹyẹ lókè òkun títí di ìgbà yẹn.

Wákàtí 30 ìtọ́jú ọmọ tí ìjọba England ń sanwó rẹ̀ lọ́sẹ̀ fún ọmọ àwọn òbí tó ń ṣiṣẹ́ ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ oṣù mẹ́sàn-án láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé físà bàbá àti ti ìyá ló dí wọn lọ́nà, kò kàn wọ́n. Tí ọ̀kan péré nínú wọn bá gba ìwé ìgbélùú tí kò ní gbèdéke, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Èyí tó kan gbogbo ọmọ, físà yòówù kí òbí ní, ni wákàtí 15 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 38 lọ́dún tí ọmọ bá ti pé mẹ́ta. Kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ìbí o. Ti ọmọ-ọmọ yín máa di oṣù kìíní tó tẹ̀ lé e.

Ẹ sọ fún ọmọ yín kó wá childminder dípò nọ́sìrì. Àwọn obìnrin tó ń gba ọmọ tọ́jú nínú ilé tiwọn ni. Èyí tí èmi lò máa ń gba ọmọ láago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ torí ó mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni mí, owó rẹ̀ sì rọ̀ ju ti nọ́sìrì lọ. Kí ó ṣáà rí i pé orúkọ onítọ̀hún wà lọ́dọ̀ Ofsted, àjọ ìjọba tó ń ṣàyẹ̀wò àwọn tó ń tọ́jú ọmọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbowó tọ́jú ọmọ tí kò tíì pé mẹ́jọ nínú ilé ara rẹ̀ ju wákàtí méjì lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀. Ìyàwó ilé kan ní ṣọ́ọ̀ṣì máa sọ pé, "Gbé e wá, mo máa gba owó kékeré." Kí ó má dán an wò.

Lékè gbogbo rẹ̀, kí ó kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀ pé òun fẹ́ yí àkókò iṣẹ́ òun padà. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, òfin fàyè gba òṣìṣẹ́ láti béèrè láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tó bá wọṣẹ́. Ọ̀gá lè kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ sọ ìdí. Èmi béèrè, wọ́n fún mi ní òru Ẹtì àti òru Àbámẹ́ta. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ láti Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Ẹnu ọ̀nà la ti ń kíra wa, tí mo bá ń jáde lòun ń wọlé. Kì í ṣe ayé tó dùn o, mi ò ní parọ́. Ọmọ ṣáà ń rí ọ̀kan nínú wa nígbà gbogbo.

Ọmọ Òkè-Baálẹ̀

Màmá, kí lẹ tún ń rò? Ẹlòmíì ń gbààwẹ̀ ogójì ọjọ́ nítorí físà, ẹ̀yin ń rò ó nítorí aró. Ẹ tilẹ̀kùn ìsọ̀, ẹ lọ jẹ ìgbádùn.

Aláró Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Ọmọ mi Òkè-Baálẹ̀, o ṣeun. Ìgbádùn tí mo jẹ nígbà tí mo lọ: mo wẹ ọmọ, mo sebẹ̀, mo fọṣọ, mo dúró lójú fèrèsé mò ń wo òjò. Mi ò mọ ẹnì kankan ládùúgbò, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ilẹ̀ ti ṣú. Tí mo bá wà ní ìsọ̀ mi, èèyàn tó ń kí mi kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú ju gbogbo èèyàn tó kí mi ní Leeds lọ.

Nọ́ọ̀sì ọmọ Ìkìrun, Olúwa á bá ọ tọ́ àwọn ọmọ rẹ. Mo ti fi ọ̀rọ̀ rẹ ránṣẹ́ sí ọmọ mi báyìí báyìí.

Tíṣà Òkè-Fìà

Aláró, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ṣeé ṣe ká mọra, ìyàwó mi ti ra aṣọ lápá ọ̀dọ̀ yín rí.

Èmi ti ṣe ọ̀nà kejì yẹn. Ọmọ mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ wà ní London, wọ́n gbé ọmọkùnrin wọn wá bá wa ní Òkè-Fìà kó tó mọ̀ ọ́n rìn dáadáa. Tíṣà ni èmi àti ìyàwó mi, a ti fẹ̀yìn tì, a láyè. A kì í ṣòwò. Kódà pẹ̀lú àyè yẹn, ó nira. Ibà máa ń mú un lóru. Ìyá rẹ̀ á pè láti ibẹ̀ pé ẹ má fún un lágbo, ìyá àgbà á ní, "Ìwọ náà, kí la fi tọ́ ọ dàgbà?" Àríyànjiyàn lórí oúnjẹ, lórí irun gígẹ̀, lórí ṣọ́ọ̀ṣì tó yẹ kó lọ. Owó ń wọlé lóṣooṣù lóòótọ́, wọn ò jẹ wá ní kọ́bọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Inú fóònù lọmọ náà ti mọ ìyá rẹ̀. Ní alaalẹ́ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìyá wá sílé, tó jókòó sórí àga ní pálọ̀ wa, ọmọ kí i dáadáa, ó dọ̀bálẹ̀, ó wá lọ gbé fóònù ìyá àgbà lórí tábìlì, ó ní ká bá òun pe Mọ́mì. Ìyá rẹ̀ wọ yàrá, kò jáde mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Mi ò sọ pé ẹ má ṣe é o. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá débi tó fi ń ki ara rẹ̀, ó mọ Òṣogbo Òròkí, ó mọ àwọn ẹbí rẹ̀ ní ojúlé-ojúlé. Àwọn àbúrò rẹ̀ tí wọ́n bí síbẹ̀, "Ẹ káàárọ̀" nìkan ni wọ́n mọ̀. Gbogbo rẹ̀ la rí.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe tuntun. Nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa lọ kàwé nílùú Ọba lẹ́yìn ogun Hitler títí wọ ọdún 1960 sí 1970, ọ̀pọ̀ wọn ló gbé ọmọ fún òyìnbó lábúlé pé kí wọ́n bá wọn tọ́ ọ. Wọ́n ń polówó sínú ìwé ìròyìn láti wá ẹni tó máa gba ọmọ. Ọkọ ń kàwé, ìyàwó ń kàwé, wọ́n tún ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Òmíràn nínú àwọn ọmọ yẹn dàgbà láìgbọ́ èdè bàbá rẹ̀. Lónìí, tí ẹni tí kì í ṣe ẹbí tímọ́tímọ́ bá gba ọmọ sọ́dọ̀ fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ létí. Ìdààmú tiwa l'Óṣogbo ṣáà sàn ju ìyẹn lọ.

Ẹ̀gbọ́n Leicester

Ẹ kú ọ̀rọ̀. Ọmọ Ayétòrò ni mí. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún ọ̀rọ̀ Tíṣà, nítorí mo rí i pé ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu bà á.

Ọmọ tí wọ́n bí sílùú Ọba nígbà tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ṣì wà lórí físà iṣẹ́ kì í di ọmọ ìlú Ọba lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ọmọ Nàìjíríà ni. Tó bá ti kúrò níbẹ̀ láìní físà tirẹ̀, kò lè kàn padà wọlé, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ gba físà fún un bíi ti àlejò yòókù. Mo mọ àwọn tó gbé ọmọ wálé fún Kérésìmesì tí ọmọ ò lè bá wọn padà.

Èkejì. Òfin kan wà pé ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, tó gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, tí kò kúrò níbẹ̀ ju 90 ọjọ́ lọ nínú ọdún kankan, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti forúkọ sílẹ̀ bí ọmọ ìlú Ọba, ipò yòówù kí òbí rẹ̀ wà. Ẹ gbé e wá sí Òṣogbo fún ọdún mẹ́ta, ọ̀nà yẹn ti dí nìyẹn. Lóòótọ́, tí bàbá tàbí ìyá bá gba ìwé ìgbélùú kí ọmọ tó pé 18, wọ́n tún lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nípa ìyẹn. Ṣé ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n wá fẹ́ gbójú lé? Òfin ibẹ̀ ń yí lójoojúmọ́. Kí wọ́n bá lọ́yà tó mọ̀ nípa rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọmọ, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá Ìbejì Calgary

Tiwa ní Kánádà yàtọ̀ díẹ̀, mo kàn fẹ́ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí mọ̀. Físà kan wà fún òbí àti òbí àgbà, super visa ni wọ́n ń pè é, wọ́n lè lo ọdún márùn-ún níbí lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ tó pè wọ́n gbọ́dọ̀ fi hàn pé owó tó ń wọlé fún òun tó, àwọn òbí náà sì gbọ́dọ̀ ní ìbánigbófò ìlera tó lè san owó ìtọ́jú tó tó $100,000, ó kéré tán. Màmá mi gbà á. Ọdún márùn-ún ni wọ́n kọ sí i, ìyá mi ò lò tó ọdún kan. Wọ́n ní àwọn ń gbọ́ ariwo ọjà Ìgbọ̀nà lójú oorun. A gba tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn, wọ́n lọ.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Ìkìrun

Ẹ̀gbọ́n Leicester, ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ 90 ọjọ́ yẹn, èèyàn tó mọ̀ ọ́n ò pọ̀. Ìyá wa, kí lọmọ yín sọ?

Aláró Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

A sọ̀rọ̀ lóru àná, òun, ọkọ rẹ̀, àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gbogbo wa lórí fóònù kan náà. Ariwo pọ̀ o.

Èyí tí wọ́n ní kí wọ́n gbé ọmọ wá sí Òṣogbo, a ti pa á tì. Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ Tíṣà sí wọn létí, ọmọ mi dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n Leicester ni ọkọ rẹ̀ dì mú, ó ní ọmọ òun ò ní kúrò ńlẹ̀ títí ìwé á fi pé.

Mo máa lọ, àmọ́ bí mo ṣe fẹ́ lọ ni mo máa lọ. Tí ọdún Ọ̀ṣun bá parí, tí mo bá ti ta ọjà mi tán, ìgbà yẹn ni mo máa wọ ọkọ̀ òfuurufú. Mo máa wà níbẹ̀ nígbà tọ́mọ mi bá wọṣẹ́ padà, kí ọmọ-ọmọ mi fi mọ́ ẹni tó máa máa gbà á lọ́wọ́ àárọ̀. Wọ́n ti rí childminder kan tó forúkọ sílẹ̀, ó ní òun ń gba ọmọ láago mẹ́fà ààbọ̀, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ọkọ ọmọ mi ń bá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n mú un kúrò ní iṣẹ́ òru. Tí wọ́n bá gbà tí wọn ò gbà, èmi ń padà sílé nígbà tí iṣẹ́ àńkóò oṣù kejìlá bá bẹ̀rẹ̀.

Ní ti ìsọ̀, ọmọ iṣẹ́ mi kan wà tó ti gba òmìnira, ó lọ́kọ sí Ẹdẹ, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ jọjọ. Mo ti bẹ̀ ẹ́ kó wá dúró fún mi. Ó ní iye tóun máa gbà lóṣù. Mo wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n tó wà n'Íbàdàn, ẹni tó ní kí n lọ sinmi, mo ní òun àti àwọn yòókù ni wọ́n máa san án. Ó ní, "Háà, Ìyá, owó yẹn pọ̀ o." Mo ní, "Ṣebí aṣọ lásán ni." Kò rí nǹkan kan sọ. Wọ́n ti pín in sí mẹ́ta, oṣù àkọ́kọ́ ti wọlé.

Nọ́ọ̀sì, kí ni kí n mú dání? Mo ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọmọ mi sì ní kí n bá òun mú pọ̀nmọ́ àti ẹja gbígbẹ wá.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Ìkìrun

Ìyá wa, ẹ kó oògùn tó máa tó yín títí ẹ ó fi padà, ẹ fi sínú páálí rẹ̀, kí ìwé dókítà sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ ra ìbánigbófò ìrìn-àjò o, ẹ má fojú fò ó. Àlejò tí wọ́n bá dá dúró sí ọsibítù níbí, ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún iye tó ná wọn ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Pọ̀nmọ́ ò ṣeé gbé wọlé, ẹran ni wọ́n kà á sí, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹja gbígbẹ ò ní wàhálà, kó má ṣáà ju 20 kílò lọ.

Aláró Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Ogún kílò? Ta ló fẹ́ bá wọn ra ogún kílò ẹja ní iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà báyìí? Màá mú ìwọ̀nba, kàm̀pálà ni màá fi kún àpótí tó kù. Ó ṣeé ṣe kí n rí oníbàárà ní Leeds.

Ẹ̀gbọ́n Leicester

Ìyá, ẹ fi ṣe ẹ̀bùn ni o. Físà àbẹ̀wò ò gba kí ẹ tà á.